Bí Deolinda Ṣe Gba Kọ́ọ̀kì Wọlé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní búrẹ́dì nínú ààrò, kó lọ yọ ọ́ kó tó jókòó, nítorí ìtàn tí mo gbé lọ́wọ́ yìí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ fún yín bí Deolinda, tí bàbá rẹ̀ fi àáké bó èèpo igi jẹun títí ó fi kú, ṣe bá èèpo igi jà níwájú gbogbo abúlé. Ó jà, ó sì borí. Ṣùgbọ́n ìborí ọjọ́ náà kéré. Ìgbà tó gbé ìjà náà sílẹ̀ ló tó rí èyí tó tóbi.

Ẹ mọ abúlé wa, Vale da Poupa, àwọn ilé funfun tí a fi àwọ̀ aró kùn nídìí, tí igi kọ́ọ̀kì sì yí ká bí ìyá adìyẹ ṣe ń yí ọmọ rẹ̀ ká. Èèpo igi yìí ni gbogbo ayé fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì. A kì í gé igi náà lulẹ̀. Ẹ̀wù ara rẹ̀ nìkan là ń bọ́. Bí a bá bọ́ ọ lónìí, ọdún mẹ́sàn-án ni yóò fi hun òmíràn, ọjọ́ tí a bọ́ ọ náà la ó sì fi ọ̀dà funfun kọ ọdún sí i lára, kí olójúkòkòrò má baà pe ọmọdé igi ní àgbà. Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ẹni tó gbin àjàrà, ara rẹ̀ ló gbìn ín fún. Ẹni tó gbin kọ́ọ̀kì, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gbìn ín fún.

Opó ni Deolinda, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, Noémia. Noémia lọ sí Lisboa, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, láti kàwé, ó fẹ́ ọkọ síbẹ̀, a sì rò pé ó ti lọ bí àwọn tó kù ṣe lọ. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí ọkọ̀ ẹrù dúró lẹ́nu ọ̀nà Deolinda. Noémia sọ̀ kalẹ̀, Anselmo ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ ọwọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ tó ń jẹ́ Benedita. Wọ́n ní orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì wà, ibi tó bá wu àwọn làwọn lè ti ṣe é. Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa pa, a kò tíì gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Àwọn bàbá arúgbó tí kì í ṣí fìlà fún fadá ń ṣí fìlà fún Benedita.

Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù dé. Bíríkì amọ̀ pupa ni ilẹ̀ ilé Deolinda, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń tuni lára, ní ìgbà òtútù ó dà bí ìgbà tí èèyàn tẹ omi kànga mọ́lẹ̀. Benedita ti ń rá. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ló fi wúkọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní, ó rá kúrò lórí ẹní. Wọ́n dá iná, iná mú orí ògiri gbóná, ilẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bí oòrùn ṣe padà wá ni Anselmo bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

“Màmá, ibí yìí dùn mọ́ mi, mi ò pa irọ́. Àmọ́ mi ò lè gbọ́ irú ikọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá fi máa dé ọdún São Martinho ní oṣù kọkànlá, tí ilẹ̀ ilé yìí ò yí padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, Lisboa la máa padà sí.”

Deolinda ní, “Kò ní dà bẹ́ẹ̀.” Ó yíjú sí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kí ọkùnrin náà má baà rí ojú òun. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Deolinda wo ilé, ó rí i pé ilé fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lé ọmọ lọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ kí Noémia tó gbé ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n máa tẹ́ sílẹ̀ kalẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ rọ́bà, òun kò sì fẹ́ pákó igi ńlá inú igbó tí wọ́n bá gé tí kò ní hù mọ́ lójú ẹni tó gé e. “Màmá, ọmọ yìí la fẹ́ tẹ́ ẹ fún. A ò lè máa ba ayé jẹ́ fún un nítorí pé a fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná. Nǹkan méjì ni mo rí tó dáa. Èkíní ni ọparun. Bí koríko ló ṣe ń hù, bí wọ́n bá gé e, á tún rú. Èkejì ni…”

Deolinda ní, “Ọparun!”

“Màmá, mi ò tíì dárúkọ èkejì.”

“Má dárúkọ ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sùn lórí ẹ̀, mo jẹun nínú ẹ̀, mo jókòó lórí ẹ̀ títí ó fi tẹ àmì sí mi nídìí. Kọ́ọ̀kì ò ní wọ inú ilé yìí. Orí ọparun ni ọmọ ọmọ mi máa rá.”

Anselmo dunnú. Ó ti rí ọparun nínú ìwé ìròyìn, ó le, ó ń dán, ó sì wà ní ṣọ́ọ̀bù nílùú. Noémia wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti di méjì sí ọ̀kan.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé Deolinda àti ti Bàbá Custódio. Bàbá Custódio àti bàbá Deolinda jọ bó èèpo igi pọ̀ nígbà tí wọ́n lágbára. Kí ọbẹ̀ tó hó, bàbá náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Deolinda, mo gbọ́ pé o fẹ́ ra koríko láti Ṣáínà.”

“Bàbá Custódio, ọparun ni.”

“Ọmọ rẹ ló pè é ní koríko. Ògiri yìí ò nípọn.”

“Ṣé ẹ ò ní nǹkan tí ẹ ń ṣe nílé yín ni?”

“Mo ti darúgbó. Ohun tí mò ń ṣe nìyí.” Ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. “Ìwọ ọmọ Jerónimo, tí bàbá rẹ lè fi àáké bọ́ ẹ̀wù igi láti ọrùn dé ẹsẹ̀ láìjẹ́ kí àáké kan ẹran ara rẹ̀! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni o.”

“Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń júwe ẹ̀. Ilẹ̀kùn ni mò ń júwe fún un. Bàbá, inú ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ kọ́ọ̀kì sí lábúlé yìí.”

“Ẹlẹ́dẹ̀ mi ò wúkọ́ rí.”

Noémia kó ẹ̀rín sẹ́nu. Deolinda fi ìgbákọ na afẹ́fẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, ó gbé ìpinnu kan kalẹ̀ bí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú: kí wọ́n kó méjèèjì wá ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn Máàsì, kí wọ́n tẹ́ díẹ̀díẹ̀ wọn sí yàrá ńlá, kí gbogbo ayé wá wò ó. “Ẹni ojú bá sì tì, kó máa lọ sílé.”

Ọjọ́ Àìkú pé. Ẹ ò bá rí èrò! Àwọn tí kì í lọ sí Máàsì lọ lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n lè ríbi tẹ̀lé èrò wọ ilé Deolinda. Ọ̀gbẹ́ni Valdemar, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù nílùú, ti to pákó ọparun sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń kọ mọ̀nà bí omi tí oòrùn ń wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Custódio tẹ́ kọ́ọ̀kì tirẹ̀ sí. Ọwọ́ Zulmira, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ti gbà á. Zulmira ní ilé iṣẹ́ kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń lọ àjẹkù kọ́ọ̀kì tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ àti ooru tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di pákó pẹlẹbẹ. Èyí kò dán. Ó kàn wà níbẹ̀ ní àwọ̀ oyin, bí ẹni tí wọ́n kò pè tó sì ti jókòó.

Bàbá Custódio bẹ̀rẹ̀. Ó bu wáìnì sínú ife dígí, ó mu ún gbẹ.

Perpétua, obìnrin tó ń tọ́jú ààrò abúlé, kígbe pé, “Bàbá, ṣé ìdánwò yẹn nìyẹn?”

“Mo kọ́kọ́ yọ wáìnì nínú ewu ni.” Ó gbé ife náà sókè dé àyà, ó jù ú sílẹ̀ sórí kọ́ọ̀kì. Ife náà ta, ó yí, ó dùbúlẹ̀. Kò sán. Ilé hó gèè.

Deolinda kò fẹ́ gbà. Ó mú ife tirẹ̀, ó jù ú sórí ọparun. Ife di ìyẹ̀fun.

Ó ní, “Ife yẹn ti sán tẹ́lẹ̀.”

Perpétua ní, “Báyìí ni o, ó ti sán dáadáa.”

“Ṣé iṣẹ́ ife jíjù la fẹ́ máa ṣe nílé yìí ni? Ọ̀gbẹ́ni Valdemar, ẹ ṣe tiyín.”

Ọ̀gbẹ́ni Valdemar fa àga kan sórí ọparun, ó jókòó lé e, ó sì yí i síwá sẹ́yìn. Kò sí àmì kankan. Ó gbé àga kan náà sórí kọ́ọ̀kì, ó jókòó, ó dìde. Ẹsẹ̀ àga ti tẹ kòtò mẹ́rin sí i. Àwọn èèyàn ní, “Háà!” Deolinda gbé àyà sókè.

Bàbá Custódio ní, “Ẹ jẹ́ kó mí. Ẹ̀yin náà, bí ọ̀gbẹ́ni tó sanra tó báyìí bá jókòó lé yín lórí, ṣé ẹ ò ní gba ìsinmi?” Wọ́n pín wáìnì yí ká. Nígbà tí wọ́n wo ilẹ̀ padà, kòtò mẹ́ta ti kún, ẹ̀kẹrin ń bọ̀ lọ́nà.

Ọ̀gbẹ́ni Valdemar kì í ṣe elékèé. Ó fi aṣọ nu iwájú orí, ó ní, “Mi ò wá ba kọ́ọ̀kì lórúkọ jẹ́ o. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí mo ní ni mo mú wá.”

Ni Noémia bá ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ni ilẹ̀ yàn fúnra rẹ̀. Ó gbé Benedita kalẹ̀ sí àárín méjèèjì, ó yọwọ́. Ọmọ náà wo kọ́ọ̀kì. Ó wo ọparun. Ó rí ojú ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú dídán ọparun, ló bá rá lọ síbẹ̀, ó fẹnu kò ó lẹ́nu.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ariwo tí Deolinda pa lọ́jọ́ yẹn, ẹyẹ ń fò lórí igi. Ó gbé ọmọ sókè, ó gbé e yí yàrá ká, ó ń wí pé, “Ọmọ mi ti sọ̀rọ̀! Ẹni tó bá ní etí, kó gbọ́!” Bàbá Custódio kó kọ́ọ̀kì rẹ̀, ó fẹ́ gbé e lọ, Noémia ní kó fi sílẹ̀ jàre. Níbẹ̀ náà ni Deolinda ti sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Valdemar pé kó kó ọparun tó máa kárí ilé wá. Ọkùnrin náà ní ó dìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òun bá parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kò ní pẹ́. Bí Deolinda ṣe borí nìyẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Benedita bẹ̀rẹ̀ sí dìde dúró. Òwúrọ̀ kan, Deolinda ń gún aáyù àti ewé tútù fún açorda, ọbẹ̀ búrẹ́dì wa, ó sì ti to ègé búrẹ́dì gbígbẹ sínú abọ́ tó ń dúró de omi gbígbóná. Ọmọ náà di ẹsẹ̀ àga mú lórí ọparun, ó nàró, inú rẹ̀ dùn, ó tú ọwọ́ sílẹ̀ láti pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ó ṣubú sẹ́yìn. Ìró orí rẹ̀ lórí ọparun, ìyá àgbà rẹ̀ gbọ́ ọ nínú egungun ara rẹ̀. Ọmọ ké títí ojú rẹ̀ fi wú.

Noémia pọ̀n ọ́n, ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó wá gbé e sórí kọ́ọ̀kì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Ó tún di àga mú, ó tún nàró, ó tún pàtẹ́wọ́, ó tún ṣubú. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó gbì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ di eré.

Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ Deolinda.

Noémia jókòó tì í. “Màmá, kí ni kọ́ọ̀kì ṣe yín gan-an?”

Deolinda sọ ọ́, ohun tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ó ní yàrá kan ṣoṣo ni àwọn gbé lórí oko ọlọ́rọ̀ kan, ilẹ̀ yàrá náà sì jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lásán. Èèpo kọ́ọ̀kì ni bàbá òun tẹ́ sábẹ́ ẹní tí òun ń sùn lé. Èèpo kọ́ọ̀kì ni abọ́ tí òun ń gbé oúnjẹ lọ sílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ alábòójútó oko a sì máa di imú bí òun bá ṣí i. “‘Ọmọ eléèpo igi dé!’ Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn. Mo búra pé bí mo bá ní ilé, ohun tó bá jọ ìṣẹ́ ò ní wọbẹ̀.”

Noémia ní, “Màmá, nínú yàrá yẹn, ṣé òtútù máa ń mú yín?”

Deolinda ṣí ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa á dé. Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀.

“Rárá,” ó ní. “Kò jọ bẹ́ẹ̀… Rárá. Òtútù ò mú mi rí. Ebi ló máa ń pa mí.”

“Ta ló fi ebi pa yín? Ṣé kọ́ọ̀kì ni?”

“Ẹni tó ni oko ni.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ti ń bá ojúlùmọ̀ yodì láti kékeré, tó wá gbọ́ pé ẹlòmíràn ló ṣẹ òun. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó gbé tẹlifóònù, ó pe Ọ̀gbẹ́ni Valdemar. Ó ní kó má bínú, òun kò gba ọparun mọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọparun òun á rí ilé ọkọ mìíràn.

“Ẹ bá mi wá kọ́ọ̀kì, ẹ jọ̀ọ́.”

“Háà, Màmá. Gbogbo èyí tó jáde lọ́dún yìí ti wọ ọkọ̀ òkun, títí kan àjẹkù rẹ̀. Àwọn ará òkèèrè ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀. Àfi kí ẹ dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.”

Ẹ gbọ́ ọ. Àárín igbó kọ́ọ̀kì la jókòó sí, kọ́ọ̀kì tán!

Nígbà tí Anselmo gbọ́, kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ní, “Màmá, ẹ lé ohun tó wà nílẹ̀ lọ nítorí ohun tí kò sí. São Martinho ti dé tán.” Ó bọ́ sí yàrá, wọ́n sì gbọ́ tó ń to ìwé rẹ̀ sínú páálí.

Bàbá Custódio ti gba inú ògiri gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú àáké tó ti dípẹtà. “Jerónimo fi igi sílẹ̀ fún ọ lẹ́yìn odò, àbí kò fi sílẹ̀? Mo ṣì lè bó o.”

“Bàbá, ọdún wọn ò tíì pé. Nọ́ńbà wà lára wọn.”

“Ó ku díẹ̀ péré. Ta ló máa rí wa?”

“Igi máa rí wa!” Deolinda fò dìde. “Ẹ̀yin, Bàbá Custódio, lẹ ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ìgbà tí ooru ti lọ, tí èèpo ti di mọ́ igi lára, ẹ fẹ́ fà á ya? Ẹran ara rẹ̀ máa bá a jáde! Ọwọ́ bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà sí igi wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá fi àáké kàn wọ́n kí ọjọ́ wọn tó pé, òun àti èmi la jọ máa wọ kóòtù, kódà bó jẹ́ arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn ògiri mi!”

Bàbá Custódio gbé àáké rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó ní, “Ẹ wo ẹni tó kórìíra kọ́ọ̀kì.”

Deolinda gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pọ̀ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nínú ẹ̀rín yẹn ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí àpótí tí bàbá náà máa ń gbé wá láti ilé rẹ̀ jókòó lé, àpótí kọ́ọ̀kì dúdú tó ti gbó. Ó wò ó. Ó tún wo pákó oyin tí Zulmira fi àjẹkù ṣe. Ó ní, “Bàbá, ẹ dìde lórí ìyẹn.”

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn obìnrin máa ń yan búrẹ́dì pọ̀ ní ààrò abúlé. Deolinda lọ láìgbé ìyẹ̀fun dání. Ó dúró sáàárín wọn. Ẹyin lohùn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ti la tirẹ̀ mọ́lẹ̀ níṣojú gbogbo wọn lọ́jọ́ Àìkú, níṣojú gbogbo wọn náà ló sì ní láti ṣa èèpo rẹ̀.

“Ẹ̀yin ará ilé mi, mo ní inú ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni kọ́ọ̀kì yẹ. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Kọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ fi tẹ́ ilé fún Benedita, kò sì sí lọ́jà. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò ní òkú kọ́ọ̀kì kan lábúlé yìí. Ilé oyin tó ti fọ́, abọ́ àtijọ́, pákó tí ẹ fi dí fèrèsé. Ẹ bá mi kó o wá.”

Perpétua gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ojú lọ.

“Ìyẹn ni pé kí n lọ lé ẹlẹ́dẹ̀ mi dìde lórí ibùsùn rẹ̀ nítorí rẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ta ló máa bá mi sọ fún un?”

“Èmi fúnra mi máa wá bẹ̀ ẹ́.”

Perpétua bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun sì ń fò lára aṣọ wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí búrẹ́dì tó jinná, àwọn kan ti sáré dé ilé padà. Wọ́n gbé ilé oyin wá tí èéfín ti kùn dúdú nínú. Wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ oko wá, ìgbákọ omi tí àwọn bàbá wọn fi mu omi nínú odò, ìdérí àgbá, ibùsùn ajá. Opó kan gbé àpótí ìdáná ìyá rẹ̀ wá, ó fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan kó tó sọ ọ́ sórí òkìtì. Bàbá Custódio gbé àpótí tirẹ̀ kalẹ̀ níkẹyìn. Láti ọjọ́ náà, orí garawa tó dojú dé ló ń jókòó.

Zulmira rí ọkọ̀ ẹrù tó kún, ó dì mọ́ ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ rẹ̀. “Ta ló ni pàǹtí yìí?”

Bàbá Custódio ní, “Pàǹtí kọ́. Àwọn bàbá rẹ ni. Kí wọn.”

Ó kí wọn, ó bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n sè é, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Pákó tó jáde kò jọ ti ọjà rárá. Ibì kan dúdú bí èéfín, ibì kan pọ́n, ibì kan rí bí oyin. Nígbà tí ooru ṣì wà lára wọn, òórùn oyin àtijọ́ ń jáde nínú èyí tí wọ́n fi ilé oyin ṣe, oyin tí kò sí ẹni tó wà láyé mọ́ nínú àwọn tó jẹ ẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ẹ. Àwọn ọkùnrin arúgbó kúnlẹ̀ ní yàrá Deolinda, wọ́n sì ń kọrin bí a ṣe ń kọ ọ́ níbí, ẹnì kan á dá a, ẹnì kejì á gbà á sókè, ìyókù á gbé e wúwo bí ẹni gbé òkúta. Ní ọjọ́ kìíní, Anselmo gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó rí Bàbá Custódio tó fẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀ tí orúnkún kò gbà. Ó fà á dìde, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sí àyè rẹ̀. Kò mọ orin náà, ó ń fẹnu gbá a tẹ̀lé wọn.

Bàbá Custódio ní, “Ohùn rẹ burú.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“Má dákẹ́ o.”

Wọ́n tẹ́ èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú São Martinho. Ní ọjọ́ ọdún gan-an, òjò rọ̀, afẹ́fẹ́ ń fi eyín tutù gé ojú ọ̀nà. Deolinda ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá wọlé, ó bọ́ bàtà. Ihò wà níbi àtàǹpàkò ìbọ̀sẹ̀ Bàbá Custódio, gbogbo èèyàn sì kí àtàǹpàkò náà kú ọdún. Castanha, èso igi tí a máa ń sun jẹ lọ́dún yìí, ń ta nínú iná, wọ́n ṣí wáìnì tuntun, a sì jókòó sórí ilẹ̀, àgbà àti ọmọdé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí ní ìgbà òtútù ní ìlú wa. Ilẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ wa bí ẹ̀gbẹ́ ẹran tó sùn. Àwọn èèyàn ń nawọ́, wọ́n ń wí pé, “Ìyẹn ni ilé oyin bàbá mi, mo mọ dúdú rẹ̀,” “Irọ́ ni, tèmi nìyẹn.” Ọmọ eléèpo igi ló ń gbé oúnjẹ kiri láàárín wọn, ojú rẹ̀ sì ń tàn ju iná lọ.

Benedita nàró láàárín yàrá láìdi ohunkóhun mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ó rìn dé àyà bàbá rẹ̀ tó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ṣubú lé e lórí. Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ariwo.

Deolinda dúró pẹ̀lú àwo castanha, ó ń retí.

Anselmo gbé orí sókè láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. “Màmá, níbo ni kí n kó àwọn páálí yẹn sí?”

“Páálí wo?”

“Àwọn tí mo di ẹrù sí. Mo ti tú wọn. Wọ́n kàn ń gba àyè lásán ni.”

Bàbá Custódio ní, “Kó wọn fún mi. Adìyẹ mi ń wá ilé.”

Deolinda gbé àwo lé Perpétua lọ́wọ́. Obìnrin tí kò jó láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú bọ́ sáàárín yàrá lẹ́sẹ̀ lásán, ó jó lórí kọ́ọ̀kì gbogbo abúlé, àwa náà sì dìde bá a jó títí wáìnì fi tán nínú àgbá kìíní, a sì ṣí èkejì.

Ohun tí kò ṣojú mi níbẹ̀, Perpétua alákòóso ààrò ló sọ ọ́ fún mi. Ohun tí kò ṣojú òun náà, ó ní láti inú ògiri ni Custódio ti gbọ́ ọ, ó sì sọ fún òun. Èmi náà ti gbé e fún yín.